Yíyí Àtẹ́lẹwọ́ Sókè: Ọ̀rọ̀ Lórí Apá, Ọrùn Ọwọ́ àti Ìka Lẹ́yìn Ìpalára

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, ẹ̀yin télọ̀ àti onídìrí, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ pé ẹ ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí wá gbọ́ mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni wọ́n ń pè ní occupational therapy. OT ni a máa ń gé e kúrú sí nílé ìwòsàn. Ẹni tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá já ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa la máa ń bá a wá ọ̀nà tí yóò fi padà sídìí rẹ̀: kó lè jẹun, kó lè wẹ̀, kó lè wọṣọ, kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́. Ọwọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ìyípo kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí àyàfi tó bá sọnù.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan wò. Ẹ mú bírò tàbí ṣíbí, ohunkóhun tó bá wà nítòsí yín. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú kó dúró ṣánṣán. Ẹ ká ìgúnpá, kẹ́ ẹ fi mọ́ ìhà yín pinpin. Ó yá, ẹ yí ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ yóò fi kọjú sókè. Orí bírò yẹn ti tẹ̀ síta báyìí. Ẹ yí i padà kí àtẹ́lẹwọ́ dojú délẹ̀. Ó ti tẹ̀ sínú. Ẹ kíyè sí i pé èjìká yín kò mira, ìgúnpá yín kò sì kúrò ní ìhà. Ìka kò ṣe ju pé ó di bírò mú lọ. Ibo wá ni ìyípo yẹn ti wá?

Láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, eegun méjì ló wà. Èyí tó wà lápá ọmọńdinrín, ulna ni wọ́n ń pè é. Òun ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú oríkèé ìgúnpá, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Èyí tó wà lápá àtàǹpàkò ni radius, òun ló gbé ọrùn ọwọ́ ró. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú sókè, àwọn méjèèjì a na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá da ọwọ́ délẹ̀, radius a sọdá lórí ulna, a sì gbé ọwọ́ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú, lókè ọrùn ọwọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un yí. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka yín bí eegun kan ṣe ń rìn yí èkejì ká. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àtàǹpàkò ti kọjú sókè, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè yí àtẹ́lẹwọ́ sókè tó nǹkan bí dìgírì 80 sí 90, kó sì dà á délẹ̀ tó nǹkan bí 80.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tí kò lè da ọwọ́ délẹ̀ mọ́ ní ọgbọ́n tó lè dá. Yóò gbé ìgúnpá kúrò ní ìhà, èjìká yóò gbé apá sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ yóò sì dojú délẹ̀. Kò rẹwà, èjìká lè máa dùn ún lálẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á ṣe. Ẹni tí kò lè yí àtẹ́lẹwọ́ sókè kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè tẹ gbogbo ara sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè ti ìgúnpá wọ abẹ́ àyà, síbẹ̀ kò ní tó. Bí a bá sì wo ayé tiwa níbí, àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú sókè ni a fi ń gbé e.

Ẹ wo òkèlè àmàlà kan láti inú àwo dé ẹnu. Ọwọ́ wọ inú àwo, àtẹ́lẹwọ́ dojú délẹ̀, ọrùn ọwọ́ tẹ̀ díẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tàbí mẹ́ta pàdé, wọ́n bu òkèlè. Ìka rọra yí i kó lè dán, àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọnú díẹ̀ kí ọbẹ̀ lè ríbi dúró sí. Ọwọ́ sún sínú ọbẹ̀, ó já ewédú tó ń fà. Láti ibẹ̀ ni apá ti ń yí: bí ọwọ́ ṣe ń gòkè bọ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ ń kọjú sókè, tó sì ń kọjú sí ẹni tó ń jẹun. Bí kò bá yí, ọbẹ̀ yóò ṣàn gba ọrùn ọwọ́ lọ sí ìgúnpá, ẹ̀yìn ìka ni yóò sì dé ẹnu dípò òkèlè. Lẹ́yìn oúnjẹ, omi ìfọwọ́ ń bọ̀, wọ́n sì ń bù ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gba omi tó ń fi sẹ́nu, tó ń fi sí imú, tó ń fi bọ́jú. Ọmọ tí àgbà bá fún ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbà á, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ìyá tó ń gbé ọmọ tuntun, ìpàkọ́ ọmọ náà kò ní sinmi bí apá kò bá lè tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ìwọ̀n tí a bá nínú ìwé, ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e. Ní 1981, Bernard Morrey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà so ẹ̀rọ mọ́ apá àwọn ènìyàn 33 tí ara wọ́n le, wọ́n ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ 15: kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì jẹun, kí wọ́n gbé ife mumi, kí wọ́n gbọ́ tẹlifóònù, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ṣe é ṣe bí àtẹ́lẹwọ́ bá lè yí dìgírì 50 sókè àti 50 sílẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe, a ṣì ń lò ó dòní. Ṣùgbọ́n òkèlè kò sí nínú iṣẹ́ 15 yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò ọwọ́ tí Jebsen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1969, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé: ṣíbí ni ẹni tí wọ́n ń dán wò fi ń bu ẹ̀wà láti fi hàn pé ó lè jẹun. Èmi ò ní kí a sọ àwọn ìwọ̀n yìí nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé OT tó bá ń tọ́jú ọmọ Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ọwọ́ onítọ̀hún ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ kó tó sọ pé ó ti san. Bí ẹ̀yin náà bá dé ọ̀dọ̀ wa tí a kò béèrè, ẹ sọ ọ́ fún wa.

Ẹ̀yin káfíńtà àti mẹkáníìkì, ìyípo yìí kan iṣẹ́ yín gan-an. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún de sukúrù mọ́ igi, àtẹ́lẹwọ́ ló ń yí sókè. Iṣan ńlá tó máa ń wú ní apá òkè, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti fi han ara wọn, kì í ṣe kíká ìgúnpá nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló lágbára jù nínú yíyí àtẹ́lẹwọ́ sókè nígbà tí ìgúnpá bá ká. Nítorí náà, ẹni tí apá rẹ̀ kò yí sókè mọ́ lè gbé ẹrù, ó lè fa okùn, kó má sì lè de sukúrù kan ṣoṣo kó le.

Báwo ni ìyípo yìí ṣe ń sọnù? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń rí jù ni ìṣubú. Ẹni tó bá yọ̀, ọwọ́ ló máa ń nà síwájú láti fi gba ara rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kanlẹ̀, gbogbo ìwúwo ara dà lé ìsàlẹ̀ radius, ní nǹkan bí ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, ibẹ̀ ló sì máa ń kán. Abraham Colles, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1814, ọdún 81 kí Röntgen tó ṣàwárí ẹ́síréè ní 1895. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é títí di òní. Àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí pé eegun wọn ti ń fúyẹ́ nínú. Àwọn ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn náà kò gbẹ́yìn.

Mo tọ́jú ìyá kan tó ń ta àmàlà. Omi tó dà sílẹ̀ nídìí àdógán ló mú un yọ̀. Wọ́n to eegun náà, wọ́n fi P.O.P. dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eegun sì jinná dáadáa. Lójú ẹ́síréè, ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìka rẹ̀ wú, kò ká dé àtẹ́lẹwọ́. Bó ti wù kó yí apá tó, àtẹ́lẹwọ́ kò ju kó kọjú sí ìhà lọ. Orí ló ń tẹ̀ ba lọ pàdé òkèlè nínú àwo. Ó ní òun ti dẹ́kun àtijẹun níwájú ènìyàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ra ṣíbí fún un, ṣùgbọ́n ṣíbí kò gbà á sílẹ̀, torí gbígbé ṣíbí ọbẹ̀ dé ẹnu láì dà á nù ń fẹ́ ìyípo kan náà tó sọnù. Wọ́n rò pé ó ti ń darúgbó ni. Kì í ṣe ogbó. Apá ló le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìka tí kò kán ṣe ń le, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyà ti ń wá. Ẹ tún fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú, lẹ́bàá ìgúnpá lọ́tẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ máa ká ìka kẹ́ ẹ máa nà án. Ẹ mọ ohun tó ń mì lábẹ́ ọwọ́ yín? Iṣan tó ń ká ìka ni. Inú apá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣan ìka ń gbé. Okùn funfun ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ gba ọrùn ọwọ́ kọjá dé ṣóńṣó ìka, inú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ ni okùn kọ̀ọ̀kan sì ti ń yọ̀ lọ, yọ̀ bọ̀. Ẹ̀yin télọ̀ mọ ojú okùn ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀. Bí okùn bá wà nínú rẹ̀ tó ń fà lọ fà bọ̀, ó gbádùn. Ẹ wá da àtè sójú okùn yẹn kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí omi wíwú máa ń ṣe fún ọwọ́ tí kò mira nìyẹn. Ọwọ́ tó wú kún fún omi tó ní èròjà inú ẹ̀jẹ̀ nínú, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, ó ń di àpá, àpá ń lẹ̀ mọ́ okùn, ó ń lẹ̀ mọ́ oríkèé. Eegun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan láti ọrùn ọwọ́ dé èékánná, oríkèé sì wà láàárín gbogbo wọn. Ẹ wo iye ibi tó lè lẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n fi P.O.P. dì lọ́rùn ọwọ́, ọjọ́ kìíní ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. P.O.P. tí wọ́n ṣe fún ọrùn ọwọ́ tó kán yẹ kó dúró lẹ́yìn ìlà àtẹ́lẹwọ́ kí ìka lè ká tán láti ìdí. Bí ó bá bo ìdí ìka, ẹ padà lọ sọ fún wọn, àyàfi bí dókítà bá ní ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ bí ẹ bá jókòó, ẹ gbé e lé ìrọ̀rí bí ẹ bá sùn. Ẹ máa gbé èjìká sókè dé òkè orí, ẹ máa ká ìgúnpá bí P.O.P. kò bá dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èjìká tí kò ṣẹ̀ wá le nítorí ọrùn ọwọ́. Ní ti ìka, ẹ máa tò ó báyìí: ẹ na gbogbo rẹ̀ tán, ẹ tẹ ìdí ìka nìkan kí ìyókù nà, kí ọwọ́ dà bí igun tábìlì, ẹ tún nà án, ẹ ká àwọn oríkèé òkè kí ìdí ìka dúró ṣánṣán, ẹ nà án, ẹ ká ìka dé ìdí àtẹ́lẹwọ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ nà, ẹ wá di ẹ̀ṣẹ́ tán. Ìdí tí a fi ń ṣe onírúurú rẹ̀ ni pé okùn méjì ló ń ká ìka kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, ìṣesí kọ̀ọ̀kan sì ń mú kí ọ̀kan yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ léraléra ń ṣe ìka láǹfààní ju ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ohun kan wà tó ń dùn mí gan-an, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láì fi bò. Nígbà tí P.O.P. bá kúrò, tí ọwọ́ bá le, ará ilé a gbé omi gbígbóná, a gbé òróró, ẹni tó lágbára jù nílé a wá fi tipátipá tẹ ìka náà títí ẹni tó ni ọwọ́ yóò fi ké. Wọ́n ní ìrora ló ń tú u. Ìrora kò tú nǹkan kan. Ọwọ́ tí wọ́n bá fipá tẹ̀ tún ń wú sí i, wíwú ọ̀hún ló sì di àpá tuntun. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ń jó aláìsàn bí iná ju bó ṣe yẹ lọ, tí awọ ara ń dán, tí ó ń làágùn, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, kí fífọwọ́ kàn án lásán sì máa dùn ún, ẹ fi fífà sílẹ̀ kíá kẹ́ ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, ó ní ìtọ́jú.

Ó ku ọ̀rọ̀ dídì tó le jù, èyí tí àwọn kan máa ń bá bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ to eegun. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń to eegun níbílẹ̀ wà nítòsí, owó wọn kéré, ọ̀pọ̀ yín ni eegun yín sì ti jinná lọ́wọ́ wọn. N kò wá bá wọn jà. Àmọ́ bí apá bá wú nínú ohun tí wọ́n fi dì í pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé inú iṣan, iṣan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí díẹ̀. Richard von Volkmann, dókítà ọmọ Jámánì, kọ̀wé lé e lórí ní 1881, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ọwọ́ tó bá ká gbanjọ lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọdé ló sábà máa ń bá. Ẹ má gbàgbé àwọn àmì yìí: ìrora tó ń le sí i kàkà kó máa rọlẹ̀, ìka tí ẹ bá nà tí onítọ̀hún bá figbe ta, ìka tó kú tipiri, tó tutù, tó funfun tàbí tó dúdú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá alámàlà. A kọ́kọ́ lé wíwú lọ. Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyípo. Ó ká ìgúnpá mọ́ ìhà, ó di ìdí òòlù kékeré mú, orí òòlù wà lókè. Ó rọra jẹ́ kó tẹ̀ síta kí ìwúwo rẹ̀ máa fa àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó dúró níbẹ̀, ó mí, ó sì dá a padà. Bí ọwọ́ bá jìnnà sí orí òòlù, ẹrù rẹ̀ wúwo. Bí ó bá sún mọ́ ọn, ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí orí. Nílé, ọmọ orógùn ló fi rọ́pò òòlù, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. A ní kó máa ṣa ẹ̀wà lórí atẹ: kó fi ọwọ́ tó yè ṣà á, kó máa kó o sí àtẹ́lẹwọ́ èyí tó le. Àtẹ́lẹwọ́ tí kò bá yí sókè kò lè gba ẹ̀wà mẹ́wàá láì dà á nù, òun fúnra rẹ̀ sì ń fojú rí i bó ṣe ń gbà sí i. Lẹ́yìn náà ó ń fún aṣọ, níbi tí apá kan ti ń yí síwájú tí èkejì ń yí sẹ́yìn. Ní ìgbẹ̀yìn, ó ro àmàlà: àlùbọ́ kékeré nínú ìkòkò kékeré, ọwọ́ méjèèjì lórí orógùn, ẹnìkan di ìkòkò mú. Ohun tí OT fi yàtọ̀ sí ìdárayá lásán nìyí. Iṣẹ́ tí ènìyàn mọ̀ tó sì fẹ́ padà sí ni oògùn tó ń lò.

Àmàlà rírò tún kọ́ wa nípa ọrùn ọwọ́. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ yín sínú tó bó ṣe lè tẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́. Kò le, àbí? Ẹ wá gbé ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un dì. Ẹ rí agbára tó padà. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ sẹ́yìn, okùn tó ń ká ìka ń fà, ìka fúnra rẹ̀ ń ká; bí ó bá tẹ̀ sínú, ìka ń ṣí. Ìdí nìyí tí ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ sílẹ̀, bóyá nítorí eegun apá òkè tó kán tàbí nítorí pé ó sùn lé apá lórí àga mọ́jú, fi máa ń sọ pé ìka òun ti kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìka lè ká. Ọrùn ọwọ́ ni kò dúró. A máa ń ṣe splint tó ń gbé ọrùn ọwọ́ náà ró fún un, ìyẹn ike tí a fi omi gbígbóná rọ̀ tí a tẹ̀ mọ́ apá, onítọ̀hún a sì di ife mú lọ́jọ́ náà gan-an nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì ń padà bọ̀.

Ọrùn ọwọ́ kì í sì í tẹ̀ síwájú sẹ́yìn tàbí sọ́tùn-ún sósì nìkan. Ẹ wo onílù dùndún bó ṣe ń ju kọ̀ǹgọ́: ọwọ́ ń lọ sẹ́yìn sápá àtàǹpàkò, ó ń bọ̀ síwájú sápá ọmọńdinrín, ní ìlà wíwọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń ju òòlù, ọ̀nà kan náà ló ń gbà. Ìlà wíwọ́ yìí ni ọrùn ọwọ́ fẹ́ràn jù fún iṣẹ́, a sì máa ń tètè dá a padà lẹ́yìn ìpalára, torí ó máa ń rọrùn fún àwọn eegun kéékèèké tó wà níbẹ̀. Ìyẹn kò kan ìforíkanlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, níbi tí ọrùn ọwọ́ ti ń tẹ̀ sẹ́yìn pátápátá tí ìwúwo ara sì wà lórí rẹ̀. Òun ló máa ń gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ń kírun lè fi ẹ̀ṣẹ́ kanlẹ̀ tàbí kó kírun lórí àga títí ọwọ́ yóò fi gbà, kó sì bá àáfà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin télọ̀ àti onídìrí tí ìka ń kú tipiri lóru, àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀, ìka àárín, ẹ má sọ pé atẹ́gùn ni. Okùn iṣan mẹ́sàn-án àti iṣan ìmọ̀lára kan ló ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan kọjá nínú ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ tó ń tẹ̀ lórí scissors tàbí irun láti àárọ̀ máa ń mú ibẹ̀ há. Splint tó mú ọrùn ọwọ́ dúró gbọọrọ bí ẹ bá ń sùn máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n bá tètè wá. Bí ẹran ìdí àtàǹpàkò bá ti ń fọn, ó ti pẹ́ díẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dúró dé ibẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ (stroke) kún un, nítorí mo mọ̀ pé ó wà nínú ilé púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, apá sábà máa ń dojú délẹ̀, ọrùn ọwọ́ a tẹ̀, ìka a ká mọ́ àtàǹpàkò nínú. Ará ilé a wá ra bọ́ọ̀lù rọ́bà, wọ́n á ní kó máa fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ìka tó ti ń ká fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀kọ́ kíká mọ́. Ṣíṣí ló ń fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tàbí gé èékánná rẹ̀, ẹ má fi ìka ja ìka. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ náà sínú sí i, ìka yóò dẹ̀. Ẹ mú àtàǹpàkò jáde láti ìdí rẹ̀, ẹ rọra na ìka ìyókù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa gbé ọrùn ọwọ́ padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ náà sídìí gbogbo ohun tí èkejì bá ń ṣe: kó di àwo mú nígbà tí èkejì ń bu òkèlè, kó tẹ ìwé mọ́lẹ̀, kó gbé orí aṣọ. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí, ọwọ́ tó rọ náà ní ipa tirẹ̀ lábẹ́ igbá.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀ ni ti ọwọ́ òsì. Ẹni tí ọ̀tún rẹ̀ wà nínú P.O.P. tàbí tó rọ, òsì ló kù fún un, a sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ilé baba ẹni. Mo ti rí bàbá tó fi ebi sùn nítorí pé àlejò wà nílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé kan máa sọ ọ́ fún àlejò kó tó jókòó, kí ó má jẹ́ pé aláìsàn ni yóò máa tọrọ gáfárà nídìí oúnjẹ. Kẹ́ ẹ sì bu omi ìfọwọ́ fún ọwọ́ òsì náà bí ẹ ṣe ń bù ú fún ọ̀tún. Ní ti ọ̀tún, ẹ má jẹ́ kó jókòó lásán: kó wà lórí tábìlì, kó máa gba ẹran tí òsì bá gbé lé e lórí, àtẹ́lẹwọ́ sókè, dé ibi tó bá lè dé lọ́jọ́ náà.

Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí wà ní Òṣòdì ní Èkó, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì pọ̀ tó. Nítorí náà, bí dókítà bá ní eegun ti jinná, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni yóò wo ìyípo. Ẹnikẹ́ni tó bá ní P.O.P. lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí, kó dúró lápá ọ̀tún lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A ó jọ wo bí ìka ṣe ń ká kó tó lọ.